Ìwé tí a fi Ránṣẹ́ sí Ìlú Méje

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní àwòrán ilẹ̀ Tọ́kì lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ sì fi ìka wá ibi tí Éfésù ìgbàanì wà, lẹ́bàá òkun ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Láti ibẹ̀ ẹ gbé ìka yín gba òkè lọ sí Símírínà; ẹ tún gòkè sí i títí ẹ ó fi dé Págámù. Nígbà náà ni kí ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní Tíátírà, ní Sádísì, ní Filadẹ́fíà, títí ẹ ó fi kan Laodíkíà. Bí ẹ bá wá ṣí orí kejì àti ìkẹta Ìwé Ìfihàn, ẹ ó rí i pé bí Jòhánù ti to àwọn ìjọ méje náà lẹ́sẹẹsẹ kò yàtọ̀ sí bí ìka yín ti rìn. Ọ̀nà ìránṣẹ́ ni. Ó hàn pé ẹni tí ó gbé ìwé náà láti erékùṣù Pátímọ̀ gúnlẹ̀ sí Éfésù, ó kà á fún àwọn ará ibẹ̀, ó ká a padà, ó sì mú ọ̀nà ìlú kejì pọ̀n.

Ohun kékeré ni èyí lójú ẹni tí ń kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Kò sí ìjọ kan nínú méje tí ó gba lẹ́tà tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ìbáwí Sádísì dé etí àwọn ará Símírínà. Ìyìn Símírínà sì dé etí àwọn ará Laodíkíà, bóyá ojú tilẹ̀ tì wọ́n. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sú ìre fún òǹkàwé kan àti fún olùgbọ́ púpọ̀, kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan mìíràn. A kò kọ ọ́ fún ẹnì kan tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní òru, tí ó ń fi ìka ka oṣù àti ọdún. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí kò ní í pẹ́ hàn.

Ní kíláàsì Bíbélì tiwa ní Abẹ́òkúta, ẹni mẹ́rìndínlógún ni wá, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni a sì ń pàdé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a ti ń ṣe pẹ̀lú Ìwé Ìfihàn ni pé a ó ka orí mẹ́ta ìṣáájú, a ó fò bí ẹni ń fo kòtò, a ó sì balẹ̀ sí orí kọkànlélógún níbi tí ìlú wúrà wà. Ohun tí ó wà láàárín, a fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ní ìgboyà jù wá lọ. Ibẹ̀ ni oníwàásù alárìnká kan ti rí àyè. Ó wá sí àdúgbò wa, ó ta aṣọ funfun kan tí ó ya ẹranko olórí méje sí lára, ó sì dá ọjọ́, ó dá oṣù, tí ayé yóò parí. Ọjọ́ náà pé, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ṣi òǹkà kà ni, ó tún dá òmíràn. Nínú àwọn tí ó gbà á gbọ́ ni arákùnrin kan nínú kíláàsì wa, gbẹ́nàgbẹ́nà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gidigidi. Ó dá iṣẹ́ ilé tí ó ń kọ́ dúró nígbà tí ó ku òrùlé nìkan. Ó sì yọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ní kí ni ìwé yóò ṣe fún ọmọ ní ayé tí ó ku oṣù díẹ̀?

Aya rẹ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí kíláàsì, pẹ̀lú omijé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà le. Àwọn kan ní ìgbàgbọ́ ni arákùnrin náà fi ju gbogbo wa lọ. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Bàbá Ìjọ ní kí a pa ìwé náà dé, kí a máa ka Sáàmù, nítorí Sáàmù kò lé ọmọ ẹnikẹ́ni kúrò ní ilé-ìwé rí. Ìyá Ìjọ sì dá a lóhùn pé, “Bàbá, bí àwa bá pa á dé, ta ni yóò máa ṣí i fún àwọn ọmọ wa? Ẹni tí ó ta aṣọ síta yẹn náà ni.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ borí. A pinnu pé a ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí méjìlélógún, láìfo ẹyọ kan; arákùnrin wa yóò máa wà níbẹ̀, a kò sì ní í bá a jà.

Ọdún kan ààbọ̀ ni ó gbà wá. Ẹnì kan a kà á sókè, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dá a dúró. Lẹ́yìn èyí olúkúlùkù a sọ ohun tí ó rí, kì í ṣe ohun tí ó rò pé ó túmọ̀ sí. Kò rọrùn, àwa onígbàgbọ́ fẹ́ràn ìtumọ̀ ju ohun tí a ń túmọ̀ lọ. Nígbà náà ni a ó wá ibi tí Jòhánù ti mú àwòrán náà, nítorí díẹ̀ ni ojú ewé ìwé rẹ̀ tí kò jẹ àwọn wòlíì ìṣáájú ní gbèsè: ẹ̀dá alààyè mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ Ìsíkíẹ́lì, ẹranko tí ó ti inú òkun jáde láti ọ̀dọ̀ Dáníẹ́lì, àwọn ẹṣin aláwọ̀ oríṣiríṣi láti ọ̀dọ̀ Sekaráyà, àwọn ìyọnu láti Íjíbítì. A sì fi òfin kan de ara wa: kò sí ẹni tí yóò sọ pé “lágbájá òde òní ni èyí” títí a ó fi mọ ohun tí aláró kan ní Tíátírà lè gbọ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tí a dé orí kẹtàlá, níbi tí iye ẹranko náà wà, 666, jìnnìjìnnì bo púpọ̀ nínú wa. Àgbà kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú ni ó là wá lójú. Ó ní, “Ṣé ẹ ti gbàgbé àrokò ni?” Ní ayé àwọn bàbá wa, bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kejì, kì í ṣe iye owó ni ó ń sọ, ẹ̀fà ni, ó ń wí pé ọkàn òun fà sí i. Bí ó bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Iye di ọ̀rọ̀, ó sì yé ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Ẹni tí ó rí i he lójú ọ̀nà lè kà á sí nǹkan mìíràn pátápátá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ní èdè Hébérù àti ti Gíríìkì: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, a sì lè ro orúkọ ènìyàn pọ̀ bí ẹni ń ro owó. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé bí a bá kọ Késárì Nérò ní lẹ́tà Hébérù, 666 ni àròpọ̀ rẹ̀. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan wà tí ó kọ 616, èyí náà sì bá ọ̀nà kejì tí a ń gbà kọ orúkọ yẹn mu. Nérò kú ní ọdún 68. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa béèrè pé, “Ṣé àrokò tí a kò fi ránṣẹ́ sí wa ni a ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí?” Ìyá Ìjọ ní, “A fi ránṣẹ́ sí wa, ọmọ mi, ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.”

Nígbà tí a kà á tán, ọkàn wa fà sí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. A ti ń dá àjọ fún ìrìn-àjò Jerúsálẹ́mù. A yí i padà sí ti ìlú méje. Ẹni mọ́kànlá ni ó lè lọ. Owó páànù ilé rẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi san tirẹ̀. Inú wa kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i kí ọjọ́ náà tó pé. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú àti ti ìwé àṣẹ ìwọ̀lú dá yín dúró; ẹni tí ó bá ti tò sí ẹnu ọ̀nà àwọn aṣojú ìjọba òkèèrè rí mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀.

Pátímọ̀ ni a kọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ Gíríìsì ni ó ni ín, a sì ti Kuşadası ní Tọ́kì kọjá sí erékùṣù Sámósì, kí a tó tún wọ ọkọ̀ ojú omi mìíràn. Erékùṣù kékeré olókùúta ni. Àwọn ará Róòmù a máa kó àwọn tí wọn kò fẹ́ rí mọ́ lọ sí irú erékùṣù bẹ́ẹ̀. Ihò tí wọ́n ní Jòhánù ti rí ìran wà ní agbede-méjì òkè, láàárín èbúté àti ìlú tí ó wà lókè. Lórí òkè náà ni ilé àwọn mọ́ńkì tí Christodoulos dá sílẹ̀ ní 1088 wà, ògiri rẹ̀ sì dà bí ti odi ogun nítorí àwọn ọlọ́ṣà ojú omi. Nínú ihò náà wọ́n fi ibi tí àpáta ti là sí mẹ́ta hàn wá, wọ́n ní ibẹ̀ ni ohùn ti jáde. Wọ́n sì fi ibi tí àpọ́sítélì náà ń gbé orí lé hàn wá pẹ̀lú. Èmi kò lè búra sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde sínú oòrùn, tí a wo òkun tí ó yí wa ká, ohun kan yé wa tí kò yé wa ní Abẹ́òkúta: ìdí rẹ̀ tí Jòhánù fi ka àìsí òkun mọ́ àwọn ohun rere ayé tuntun. Òkun ni ó wà láàárín òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí ó bá wa lọ, tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi padà dé èbúté.

Ní Éfésù, èbúté ni mo fẹ́ kí ẹ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èbúté mọ́. Odò tí ń ṣàn níbẹ̀ kó ẹrẹ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún títí òkun fi jìnnà sí ìlú ní kìlómítà bí mélòó kan. Ìtàgé ńlá tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ti pariwo orúkọ òrìṣà wọn ṣì wà, ó lè gba nǹkan bí ẹgbàá méjìlá ààbọ̀ ènìyàn. Láti iwájú rẹ̀ ni títì olókùúta dídán kan ti lọ tààrà, tí ó fẹ̀ tí ó sì lẹ́wà, ó sì parí sínú igbó eèsún. Ìkìlọ̀ tí a ṣe fún ìjọ yìí ni pé a lè ṣí ọ̀pá fìtílà rẹ̀ nípò. Ìlú fúnra rẹ̀ ni òkun ṣí nípò.

Ní òpin títì náà ni a ti ka orí kejìdínlógún, ẹkún àwọn oníṣòwò lórí Bábílónì. Ẹrù tí kò ní olùrà mọ́ ni a ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, wúrà, fàdákà, aṣọ olówó iyebíye, eyín erin, òróró, ìyẹ̀fun, ẹran ọ̀sìn, ó lé ní ogún oríṣi. Ènìyàn ni ó kẹ́yìn. Bí ẹni ń ka àpò èlùbọ́ ni a ti ka ẹrú mọ́ ẹrù ọkọ̀. Wọ́n sì ń ta ẹrú ní Éfésù gan-an. Olùkọ́ ilé-ìwé tí ń kà á dákẹ́ níbẹ̀, gbogbo wa sì dákẹ́. Samuel Ajayi Crowther, olórí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ọmọdékùnrin tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 ni, a sì ti dì í sínú ọkọ̀ kí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ẹni tí a ti kà mọ́ ẹrù ọkọ̀ rí ni a rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú ìwé tí a ṣí lọ́wọ́.

Símírínà ni İzmir òde òní, ìlú ńlá tí ó ṣì kún fún òwò àti ariwo ọkọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pa Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù arúgbó, ní nǹkan bí ọdún 155. A rí ọjà àtijọ́, ooru sì lé wa kúrò.

Òkè Págámù ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi okùn irin gbé wa gòkè nínú àpótí onígíláàsì, Bàbá Ìjọ sì di ojú rẹ̀ títí a fi dé òkè. Jòhánù sọ pé ìtẹ́ Sátánì wà ní ìlú yìí. Àwọn kan ní pẹpẹ ńlá Sẹ́úsì ni ó ní lọ́kàn; ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù lábẹ́ igi, nítorí Carl Humann, ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí wú u ní 1878, àwọn ère ara rẹ̀ sì wà ní Berlin. Àwọn mìíràn ní tẹ́ńpìlì Késárì ni, nítorí ọdún 29 ṣáájú ìbí Olúwa ni Págámù ti gba àṣẹ láti kọ́ ọ fún Ọ̀gọ́sítù. Bàbá Ìjọ di pẹpẹ mú, olùkọ́ di tẹ́ńpìlì mú, wọ́n sì ń bá a lọ nínú bọ́ọ̀sì. Ní tèmi, olùkọ́ ni mo gbè lẹ́yìn. Òkúta kì í pa ènìyàn. Ìjọba tí ó ní kí a fín tùràrí sí ọba ni ó lè pa á, a sì dárúkọ Áńtípà tí wọ́n pa ní ìlú náà.

Àwọn arìnrìn-àjò kì í pẹ́ ní Tíátírà. Akhisar ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí. Òkúta àti òpó díẹ̀ ni, nínú ọgbà kan láàárín ìlú, tí ṣọ́ọ̀bù yí ká. Ibẹ̀ ni àwa pẹ́ sí jù. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lára àwọn òkúta ìlú náà fi hàn pé ìlú ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ ni: ẹgbẹ́ aláró, ẹgbẹ́ ahunṣọ, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ awọ, ẹgbẹ́ amọ̀kòkò, ẹgbẹ́ alákàrà. Lìdíà tí ń ta aṣọ elése àlùkò ní Fílípì, ọmọ ibẹ̀ ni. Ẹ̀sùn tí a sì fi kan ìjọ náà ni pé wọ́n gba obìnrin kan láyè tí ó ń kọ́ wọn láti máa jẹ ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà.

Arábìnrin kan wà láàárín wa tí ó jẹ́ aládìrẹ ní Ìtòkú, bí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti jẹ́ ṣáájú rẹ̀. Kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Níbẹ̀ ni ó jókòó lórí òkúta, ó sì kọ́ wa. Ó ní, “Ẹ̀yin akọ̀wé rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ni. Nígbà tí ìyá ìyá mi di onígbàgbọ́, àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó wá síbi ètùtù Ìyá Màpó bí ìṣe, kí aró má baà bàjẹ́. Bí kò bá bá wọn jẹun, ta ni yóò tà á ní elú? Ta ni yóò bá a sun eérú? Bí ìkòkò aró ẹlòmíràn bá bàjẹ́, òun ni wọn yóò wò. Ọdún méjì ni kò fi rí iṣẹ́ ṣe. Obìnrin tí Jòhánù pè ní Jésíbẹ́lì yẹn, lójú ara rẹ̀, àánú ni ó ń ṣe àwọn ènìyàn. Ó ń sọ fún wọn pé, ẹ lọ jẹ ẹ́, kí ẹ lè bọ́ ọmọ yín.” Kò sí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí mo kà lórí orí kejì tí ó yé mi tó bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń wò ó.

Ọmọ Abẹ́òkúta kò lè wo òkè Sádísì kí ó má rántí Olúmọ, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830. Ṣùgbọ́n àpáta Sádísì já àwọn ènìyàn rẹ̀ kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí Kírúsì gbà á ní nǹkan bí 546 ṣáájú ìbí Olúwa, àti nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Áńtíókù Kẹta tún gùn ún ní ọ̀rúndún kẹta. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ibi tí ó ga jù tí kò ní ẹ̀ṣọ́ ni ọ̀tá gbà wọlé. Lẹ́tà tí ó sọ fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ pé kí ó jí, nítorí olè, kò nílò àlàyé.

Alaşehir ni Filadẹ́fíà, ní àárín oko àjàrà. Ohun tí ó kù níbẹ̀ ni àwọn òpó bíríkì ràbàtà ti ilé ìsìn Jòhánù Mímọ́ ìgbàanì. Ní ọdún 17, ìsẹ̀lẹ̀ kan wó ìlú méjìlá ní agbègbè náà ní òru kan. Strabo, tí ó kọ ìwé nípa ilẹ̀ ayé ní àkókò yẹn, sọ pé ògiri Filadẹ́fíà a máa sán lójoojúmọ́, àti pé oko ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń gbé nítorí ìbẹ̀rù ilé. Sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Jòhánù ṣe ìlérí òpó tí kì í yẹ̀ àti ibùgbé tí a kì í sá jáde kúrò nínú rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa fi ìka kan òpó náà, ó wo ibi tí bíríkì ti fara kan bíríkì, ó ní àwọn tí ó kọ́ ọ mọ iṣẹ́.

Lábẹ́ òpó wọ̀nyí ni mo ti sọ ìtàn Montanus fún wọn, nítorí Fírígíà, ilẹ̀ tí ó ti dìde, wà ní ìlà-oòrùn ibẹ̀. Ó tó bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn Jòhánù nígbà tí òun àti obìnrin méjì, Priscilla àti Maximilla, di olókìkí. Wọ́n ní Pepuza, ìlú kékeré kan ní Fírígíà, ni Jerúsálẹ́mù tuntun yóò sọ̀ kalẹ̀ sí. A ròyìn pé Maximilla wí pé lẹ́yìn òun kò sí wòlíì mọ́, òpin ni. Ó kú, oòrùn sì là ní ọjọ́ kejì. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn kì í ṣe òpè. Tertullian ti Kátéèjì, akọ̀wé ńlá, darapọ̀ mọ́ wọn nígbà tí ó yá. Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé rúgúdù yìí wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ìjọ ní ìlà-oòrùn fi ojú ìfura wo Ìwé Ìfihàn fúnra rẹ̀. Títí di òní kò sí nínú àwọn ẹ̀kọ́ kíkà tí ìjọ Gíríìkì yàn fún ìsìn ọdún wọn. Mo tún sọ ti William Miller ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró de Olúwa ní ọjọ́ 22 oṣù October 1844, lẹ́yìn tí òǹkà ìṣáájú ti kùnà. Àwọn àgbẹ̀ kan nínú wọn kò kórè oko wọn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wa dákẹ́ pẹ́. Nígbà náà ni ó béèrè pé, “Katikísì, àwọn tí ó lọ dúró ní Pepuza, ta ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ wọn?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Gbogbo wa mọ̀ pé aya rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ní ìdájí ní Abẹ́òkúta, kí tiwọn lè jẹun.

Laodíkíà ni ó kẹ́yìn, lẹ́bàá Denizli. Ó gbòòrò ju bí mo ti rò lọ, wọ́n sì ṣì ń wú u. Ìlú olówó ni. Nígbà tí ìsẹ̀lẹ̀ wó o ní ọdún 60, àpò ara rẹ̀ ni ó fi tún ara rẹ̀ kọ́, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Róòmù. Láti orí àwókù rẹ̀ a rí òkè funfun Pamukkale lódìkejì àfonífojì, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun ní Hírápólì. Ní ìhà kejì ni Kólósè wà, tí omi tútù rẹ̀ ń ti orí òkè wá. Laodíkíà alára kò ní orísun tí ó tó o. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti fi òkúta oníhò fa omi wá, a sì rí àwọn òkúta náà, tí ẹfun inú omi ti dí ihò wọn bí ìpẹ́pẹ́ ìdí ìkòkò. Nọ́ọ̀sì wa, ọmọ Èkìtì, pariwo pé, “Ìkógòsì!” Ẹni tí ó bá ti dé Ìkógòsì mọ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọn ó fi pàdé. Ó ní gbígbóná wà fún ara ríro, tútù wà fún òùngbẹ, èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan ni a kì í fi fún aláìsàn. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù pé gbígbóná ni onígbàgbọ́, tútù ni kèfèrí. Ó ṣòro fún mi láti gbà á mọ́ lẹ́yìn tí mo ti dúró láàárín omi méjèèjì. Méjèèjì ni ó wúlò. Omi tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní oore ni Laodíkíà ń mu.

Ibẹ̀ ni a ti ka orí kejìlélógún, ẹsẹ kan fún ẹnì kan, yípo yípo, títí ó fi tán.

Ọjọ́ kejì tí a padà dé ilé ni gbẹ́nàgbẹ́nà mú ọmọ rẹ̀ padà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ó ní láti tún kíláàsì tí ó fi sílẹ̀ ṣe, ó sì ń tún un ṣe. Kò sọ fún wa pé òun kò gba oníwàásù náà gbọ́ mọ́, a kò sì bi í. Ọjọ́ kejì tí oníwàásù náà dá ti kọjá, a gbọ́ pé ó ti kó aṣọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ilé náà kò tíì ní òrùlé, nítorí ibi tí owó páànù wọlé sí, ẹ̀yin náà ti kà á. Ìwé Ìsíkíẹ́lì ni a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, a sì ti pín àwọn orí rẹ̀. Ìran tẹ́ńpìlì, láti orí ogójì lọ, tí ó kún fún ìwọ̀n ògiri àti ẹnu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kà, òun ni ó fúnra rẹ̀ béèrè fún un. Ó ti gé igi gígùn kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà tí wòlíì náà sọ, ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lórí rẹ̀, ó sì fi í ti ògiri yàrá kíláàsì wa ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá.